Àjẹ́ Ké Lánàá: Bí A Ṣe Lè Ya Ẹ̀rí Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Ìméfò Nípa Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2023, Ìyá Báyọ̀ tó ń ta aṣọ ní àdúgbò wa l'Ékòó wá kan ilẹ̀kùn mi. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ká sí méjì wà lọ́wọ́ kejì. Ilé ìwé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 12, ni fọ́ọ̀mù náà ti wá: kí òbí fọwọ́ sí i kí ọmọ lè gba abẹ́rẹ́ HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nínú fóònù ni ohùn ọkùnrin kan lórí WhatsApp, tó ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní abẹ́rẹ́ náà ń di ilé ọmọ pa. Ó ní dókítà kan ló tú àṣírí rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan gbà á ní ìpínlẹ̀ kan, ojú ẹsẹ̀ ló dákú.

"Ìyá Tóbi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wọn ta oògùn rí, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Mi ò bá a jiyàn. Ìyá tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má ba ọmọ òun jẹ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan, ẹni tó bá sì ní kó panu mọ́ kó lọ gba abẹ́rẹ́ ti ṣẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tó tọ́ ló gbé wá. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n fi hàn bí ẹni tí kì í ṣe dókítà ṣe lè gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, kó sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rí nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìméfò, àti èyí tó jẹ́ àhesọ lásán.

Èdè wa ti ya wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. "Mo rí i" yàtọ̀ sí "ó jọ pé", "ó jọ pé" náà sì yàtọ̀ sí "wọ́n ní". Ẹni tó bá ní òun rí i, a lè bi í pé níbo, lọ́jọ́ wo, ta lẹ jọ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àbá ló dá, àbá kò sì burú, torí àbá ní í dòótọ́. Àmọ́ àbá tí a bá dá, àfi ká dìde ká lọ wò ó. Ẹni tó bá ní "wọ́n ní", kò sí ẹni tí a lè bi ní ohunkóhun. Ẹ padà gbọ́ ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn: dókítà kan, ọmọbìnrin kan, ìpínlẹ̀ kan. "Wọ́n ní" ni látòkè délẹ̀.

Ṣùgbọ́n òwe Ìyá Báyọ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun gan-an ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ronú. Igbá kan ṣoṣo ni òwe náà ṣí fún wa: àjẹ́ ké, ọmọ kú. Igbá mẹ́ta mìíràn wà tí kò ṣí. Òru mélòó ni àjẹ́ ké tí ọmọ kankan kò kú? Ọmọ mélòó ló kú nígbà tí àjẹ́ kò ké? Òru mélòó ni kò ké, tí ọmọ kò sì kú? Bí ọmọ bá ń kú bákan náà, yálà ó ké ni o tàbí kò ké, a jẹ́ pé igbe yẹn kò mọ nǹkan kan nípa ikú náà. Bí wọ́n bá ń kú jù ní òru tó ké, ọ̀rọ̀ di ohun tí à ń wádìí. Igbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a gbọ́dọ̀ ṣí kí á tó lè pe ohunkóhun ní ẹ̀rí.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa ń ṣàìsàn, wọ́n sì ń kú, yálà a fún wọn lábẹ́rẹ́ tàbí a kò fún wọn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí a bí, 132 ni kò ní pé ọdún 5. Àsìkò tí ikú wọ̀nyí pọ̀ sí jù náà ni abẹ́rẹ́ pọ̀ sí: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, oṣù 15. Bí abẹ́rẹ́ bá tiẹ̀ jẹ́ omi tútù lásán, àwọn ọmọ kan yóò ní ibà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbà á, àwọn kan yóò sì kú ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbà á. Ojú ìyá wọn ló ti ṣẹlẹ̀. "Mo rí i" ni tiwọn, kì í ṣe "wọ́n ní", ìbànújẹ́ wọn kò sì ní irọ́ nínú. Síbẹ̀ igbá kan ṣoṣo ni ojú wọn rí sínú rẹ̀.

Lórí abẹ́rẹ́ HPV yìí gan-an, ìlú kan wà ní Japan tó ṣí igbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọdún 2013, fídíò àwọn ọmọbìnrin kan gba orí tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ kan: àwọn kan ń gbọ̀n, àwọn kan kò lè rìn, wọ́n ní abẹ́rẹ́ HPV ló fà á. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba Japan ní òun kò ní gba òbí níyànjú mọ́ láti fún ọmọ wọn. Nǹkan bí ọmọ 70 nínú 100 ló ń gbà á tẹ́lẹ̀; ó já wálẹ̀ títí kò fi pé ẹyọ kan nínú 100. Ìlú Nagoya wá ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe. Wọ́n kọ lẹ́tà sí nǹkan bí 70,000 ọmọbìnrin, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tí kò gbà á, wọ́n bi wọ́n léèrè nípa àmì àìsàn 24: orí fífọ́ líle, àárẹ̀, ìgbàgbé, nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, àìlèrìn dáadáa. Àwọn 29,846 dáhùn. Nígbà tí wọ́n kó èsì jọ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018, kò sí ọ̀kankan nínú àmì 24 náà tí wọ́n lè fi hàn pé ó pọ̀ lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ inú fídíò yẹn kò purọ́. Ara wọn kò yá. Ohun tí Nagoya fi hàn ni pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà lára ọmọbìnrin ọdún 15 tí abẹ́rẹ́ kò kàn rí, kò sì sí ẹni tó ń gbé kámẹ́rà lọ bá wọn. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́, igbá kẹta nìyẹn, òun ni gbogbo ariyanjiyan náà gbàgbé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́sàn-án kí ìjọba Japan tó padà bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn òbí níyànjú, ní oṣù kẹrin ọdún 2022.

Sweden ní tirẹ̀ ka àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìlera wọn. Ní 2020 ni èsì jáde: àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà kí wọ́n tó pé ọdún 17, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fi ìdá 88 nínú 100 dín lára wọn sí ti àwọn tí kò gbà á. Ẹ fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan òṣùwọ̀n. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí 12,000 obìnrin ni wọ́n ṣírò pé àrùn náà mú ní 2020, nǹkan bí 8,000 sì kú.

Ọ̀rọ̀ "ó ń di ilé ọmọ pa" yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ débí. Ní ọdún 2003, nípa oògùn àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọdé lẹ́nu, ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Àríwá. Ẹni tó gbé e síta jù ni Dókítà Datti Ahmed, olórí Ìgbìmọ̀ Sharia ní Nàìjíríà, ẹni tó jẹ́ dókítà oníṣègùn ní tòótọ́. Ó ní wọ́n ti fi ohun tí kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ sí inú rẹ̀. Gómìnà Kano nígbà náà, Ibrahim Shekarau, dá iṣẹ́ náà dúró, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e, ti Kano sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan.

Ìfura àwọn ará Kano ní orísun. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń pa wọ́n lọ́mọ, ilé iṣẹ́ Pfizer wá síbẹ̀, ó dán oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára 100 ọmọ, ó fún 100 mìíràn ní oògùn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Márùn-ún kú nínú àwọn tó lo Trovan, mẹ́fà kú nínú àwọn kejì. Ọ̀pọ̀ òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ìwé ìròyìn Washington Post tú ọ̀rọ̀ náà síta ní ìparí ọdún 2000, ẹjọ́ dé, ní 2009 Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Kano. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, n kò sì lè dá ẹnikẹ́ni tó sá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Trovan kì í ṣe àjẹsára, ìgò rẹ̀ kò sì bá ìgò àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tan. Ìwà tí ẹnìkan hù ní 1996 lè mú ká ní kí wọ́n ṣí ìgò ti 2003 wò níwájú wa. Kò lè sọ ohun tó wà nínú ìgò náà fún wa. Ibi tí ọ̀pọ̀ ariyanjiyan ti máa ń ṣìnà nìyí: wọ́n á fi ìwà ẹni tó gbé nǹkan wá dípò àyẹ̀wò nǹkan tí ó gbé wá.

Wọ́n sì ṣí ìgò náà wò. Onímọ̀ oògùn kan láti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria gbé lára rẹ̀ lọ sí Íńdíà, ó padà wá ní òun rí ohun tó jọ họ́móònù obìnrin, estrogen, nínú rẹ̀. Ìròyìn yìí ló dáná sí gbogbo ọ̀rọ̀, torí ó ti kúrò ní "wọ́n ní", ó ti di "mo rí i". Ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ, nítorí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ wúlò fún gbogbo ìròyìn tó bá ń sọ pé "wọ́n bá májèlé nínú nǹkan báyìí".

Wọ́n ń gbin kòkòrò àrùn tí wọ́n fi ń ṣe àjẹsára yẹn sórí sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ, omi inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù ni wọ́n sì fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì náà kó lè dàgbà. Họ́móònù wà nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi náà, ó wà nínú wàrà, ó wà nínú ọmú tí ọmọ ń mu. Nítorí náà, bí a bá ní ẹ̀rọ tó lójú tó, a lè rí ìwọ̀n bíńtín. "Ó wà níbẹ̀" kì í ṣe òpin ìbéèrè. Ìbéèrè tó kù ni: ó tó mélòó?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é, kí n sì fún ẹni tó ń bẹ̀rù ní àǹfààní tó pọ̀ jù. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn họ́móònù inú ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ picogram: ẹ mú giramu kan, ẹ pín in sí ọ̀nà bílíọ̀nù 1,000, ìdá kan níbẹ̀ ni picogram kan. Nínú mìlílítà kan ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, 100 picogram estradiol, ìyẹn irú estrogen kan, kì í ṣe ohun ìyanu. Ká tiẹ̀ wá ní àjẹsára náà ní tó bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ ni wọ́n rọ sínú ìgò. Ẹ̀kán méjì tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlílítà lọ. Picogram 10 nìyẹn. Ẹyọ kan nínú hóró ìfètòsọ́mọbíbí tí àwọn obìnrin ń rà ní ilé oògùn sábà máa ń ní microgram 30 oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi họ́móònù yẹn, ìyẹn picogram 30,000,000. Kí ọmọ kan tó lè gba iye tó wà nínú hóró kan ṣoṣo, wọ́n ní láti kán an sí i lẹ́nu ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́ta. Ojoojúmọ́ sì ni obìnrin ń lo hóró yẹn kó tó lè dá oyún dúró, bó bá jáwọ́, oyún á dé.

Ẹni tó ní òun rí họ́móònù lè má purọ́ rárá. Ohun tí kò sọ ni iye rẹ̀, iye yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìjọba náà jẹ̀bi. Dípò kí wọ́n jókòó ṣe ìṣirò báyìí pẹ̀lú àwọn èèyàn ní èdè wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń sọ pé irọ́ ni, kí wọ́n má gbọ́. Nígbà tí ẹni tó ń bẹ̀rù gbọ́ pé nǹkan kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, bó ti wù kó kéré tó, ó rò pé wọ́n ti purọ́ fún òun látìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2004, Kano gbà pé kí iṣẹ́ padà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lo àjẹsára tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí jù láyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n àrùn kò dúró dè wọ́n. Ó ti padà sí Èkó ní 2003, ó ti wọ Benin, Togo, Gánà, Niger, ó sì gba Sudan lọ. Ní 2005, ó dé Indonesia fúnra rẹ̀, níbi tí wọn kò ti rí i fún ọdún mẹ́wàá, ó lé ní 300 ọmọ tó rọ. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ti Nàìjíríà ni? Kòkòrò àrùn yẹn ní ìran tí a lè tọpa, bí oríkì ṣe ń tọ́ka sí ìdílé. Wọ́n wo àbùdá rẹ̀, ó bá ti ọ̀dọ̀ wa mu. Orílẹ̀-èdè tó ṣe oògùn tí Kano fọkàn tán ni àrùn tí Kano kò tètè dènà lọ bá. Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ àdáyébá, ìyẹn èyí tí kò ti inú àjẹsára wá.

Mo ní "àdáyébá" nítorí mo ní láti sọ èyí tó kù, bí kò bá tiẹ̀ dùn lẹ́nu. Kòkòrò tó wà nínú oògùn tí à ń kán sí ọmọ lẹ́nu kò kú, wọ́n kàn ti sọ ọ́ di aláìlágbára ni. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gbà á, ó lè gba inú ìgbẹ̀ẹ́ ọmọ kan bọ́ sára òmíràn fún ìgbà pípẹ́, títí yóò fi padà rí agbára sọ ọmọ di arọ. Ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà: ní 2021 nìkan, ó lé ní 400 ọmọ. Kì í ṣe WhatsApp ló tú u fó. Àwọn tó ń fún wa ní oògùn náà ló ń ka àwọn ọmọ wọ̀nyí, tó ń tẹ iye wọn jáde, tó sì ṣe irú mìíràn tí kò rọrùn fún láti yí padà bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, ní oṣù kẹta ọdún 2021.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní àjẹsára kò lè ní àléébù láé, ẹ má gbà á gbọ́. Ìtàn rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1955, wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé abẹ́rẹ́ Jonas Salk ń dènà rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, inú gbogbo èèyàn dùn, wọ́n fún ilé iṣẹ́ márùn-ún láṣẹ láti ṣe é. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìròyìn fi ń wọlé pé àwọn ọmọ kan tó gbà á ti ń rọ. Àwọn tó ń ṣèwádìí wò ó: apá tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń rọ, bẹ́ẹ̀ àrùn náà kì í yan ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀. Wọ́n tún wò ó: ọmọ tó gba ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, Cutter ní California, ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, wọ́n kó gbogbo ti Cutter kúrò nílẹ̀. Kòkòrò tó yẹ kó ti kú kò kú tán nínú àwọn ọ̀wọ́ kan. Ó ti ṣù pọ̀, oògùn tí wọ́n fi ń pa á kò wọ inú rẹ̀. Nǹkan bí 200 èèyàn ló rọ, mẹ́wàá kú. Láti ìgbà yẹn ni òfin àyẹ̀wò àjẹsára ti le gan-an ní Amẹ́ríkà.

Ẹ fi ìtàn Cutter sí ẹ̀gbẹ́ ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin náà. Ẹ̀sùn Cutter ní ọjọ́, ó ní orúkọ ilé iṣẹ́, ó ní nọ́ńbà ọ̀wọ́, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ń fún gbogbo ìgò tí wọ́n sè pọ̀ nínú ìkòkò kan. Ó ní apá tí abẹ́rẹ́ wọ̀. Ó sì ní àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ mẹ́rin yòókù tí a lè fi wé e. Láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, ó ti di ẹ̀rí.

Ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní 1999 sí RotaShield, àjẹsára ìgbẹ́ gbuuru. Ìròyìn 15 péré nípa ọmọ tí ìfun rẹ̀ kì bọ ara wọn ló wọlé síbi tí wọ́n ti ń gba ìròyìn àìsàn tó tẹ̀ lé àjẹsára, wọ́n dá a dúró ní oṣù keje, wọ́n lọ ka àwọn tó gbà á àti àwọn tí kò gbà á, ó sì hàn pé òótọ́ ni: nǹkan bí ọmọ kan nínú 10,000. Kí ọdún náà tó parí, kò sí lórí àtẹ mọ́. Ìròyìn 15 yẹn, èéfín ni; wọn kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, wọn kò sì pè é ní iná títí wọ́n fi lọ wò. Lóde òní, àwọn kan máa ń gbé iye ìròyìn tó wọlé sí irú ibi bẹ́ẹ̀ jáde, wọ́n á ní "èèyàn báyìí ni abẹ́rẹ́ pa". Ẹnikẹ́ni ló lè fi ìròyìn ránṣẹ́ síbẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Iye èéfín ni wọ́n ń kà.

Ọ̀rọ̀ dídára oògùn tún yàtọ̀ díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ewu rẹ̀, àti pé lọ́dọ̀ wa, ooru àti iná mànàmáná tí kò dúró ni mo máa ń bẹ̀rù ju ọ̀tẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀pọ̀ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín òtútù 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá gbóná jù, agbára rẹ̀ á lọ. Bí irú èyí tó ń dènà àrùn márùn-ún bá dì bíi yìnyín, òun náà ti bàjẹ́. Irú àléébù bẹ́ẹ̀ kì í sábà pa ọmọ. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ọmọ á rò pé òun ti ní ààbò, kò sì ní. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìjọba da àjẹsára Kòrónà tó lé ní mílíọ̀nù kan nù l'Ábújá níṣojú àwọn oníròyìn, nítorí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ. Ó dùn mí pé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún wa. Àmọ́ ìgò tí wọ́n fọ́ sí ààtàn kò wọ apá ẹnikẹ́ni.

Ìyá Báyọ̀ kò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ilé ìwé náà. Ó ní òun fẹ́ fojú òun rí i, kí èmi náà bá òun lọ. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, a gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ilé ìlera àdúgbò, ó sì gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ pọ̀n, torí ọ̀sẹ̀ 10 rẹ̀ ti pé. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò kọ ìbéèrè. Ó yọ ìgò àjẹsára tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu nínú kúlà, ó gbé e sí ojú fèrèsé. Lára rẹ̀, òbìrí kékeré kan wà tó ní àwọ̀ àlùkò, igun mẹ́rin funfun sì wà láàárín rẹ̀. Ó ní ooru ló ń sọ igun mẹ́rin yẹn di dúdú díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ohun tó lè dá a padà sí funfun. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì mọ́ ju òbìrí lọ, wọ́n lè lò ó. Bí méjèèjì bá ti dọ́gba, sísọ nù ni. Ìyá Báyọ̀ gba ìgò náà, ó wò ó títí, bó ṣe máa ń wo etí aṣọ kó tó san owó.

"Nọ́ọ̀sì, ti ọmọbìnrin tèmi yìí ńkọ́? Wọ́n ní ẹnìkan dákú."

"Ó lè ṣẹlẹ̀ o, mà," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Àwọn ọ̀dọ́ máa ń dákú nígbà mìíràn tí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́, irú abẹ́rẹ́ yòówù. Ẹ̀rù ni. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 15."

Mo wò ó pé ọmọbìnrin inú ohùn yẹn lè wà lóòótọ́ nígbà náà, ó lè ti dákú lóòótọ́, kí wọ́n rọ omi sí i lójú kó sì dìde lọ sílé. Ìyá Báyọ̀ náà rò ó, mo rí i lójú rẹ̀. Ó béèrè ohun tó yẹ kó ṣe bí ara ọmọ bá gbóná, ọjọ́ mélòó ni kó fi retí rẹ̀, ta ni kó pè bó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà ọ̀wọ́ fún òun, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sórí káàdì, òun náà tún kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó fi ń kọ gbèsè aṣọ.

Ọmọbìnrin náà gba abẹ́rẹ́ ní apá òsì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń jẹ bisikíìtì, ìyá rẹ̀ ń wo aago ara fóònù, ó sì ń ka ìṣẹ́jú.